Íǹṣì Mẹ́ta Kì Í Ṣe Íǹṣì Mẹ́ta: Fáàfù Tó Wà Láàárín Páìpù Ilé Ẹ̀rọ àti Páìpù Oúnjẹ

Lórí ojú ìwé òwò yìí, a máa ń sọ̀rọ̀ nípa ilé rírà, owó orí àti bí a ṣe ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ páìpù ni a gbé wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti fẹ́ ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi owó òógùn ojú ra ẹ̀rọ, tí a dì í sínú kọ̀ńtẹ́nà, tí a sì fi í ránṣẹ́ kí àwọn ará ilé lè máa fi ṣe oúnjẹ tà. Mo wà lára wọn. Ibi tí owó tèmi gbà wọgbó kò sì ju ibi tí páìpù méjì ti pàdé lọ.

Ní ọdún 2014, ìdílé méje nínú wa dá owó jọ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wàrà sóyà nílé. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan tó ti kógbá sílé ní agbègbè wa níbí ń ta ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo, a sì rí táńkì stainless kan rà níbẹ̀ tó gba gálọ́ọ̀nù 600. Táńkì náà ń dán bíi dígí. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọ̀hún lé lọ́wọ́, nítorí àtúnṣe ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ń ṣe jẹun láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Nílé, wọ́n ti ní bọ́ílà kékeré àti páìpù omi gbígbóná tí ẹnì kan gbé wá láti Yúróòpù. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo béèrè bí ẹnu páìpù náà ti tóbi tó. Wọ́n ní íǹṣì mẹ́ta ni. Ẹnu táńkì tiwa náà, íǹṣì mẹ́ta ni. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ra ìsopọ̀ kékeré kan tí ẹnu kan rẹ̀ yóò wọ páìpù ilé, tí ẹnu kejì yóò wọ táńkì, mo dì í pọ̀ mọ́ ẹrù, kọ̀ńtẹ́nà sì gbéra.

Nígbà tó dé, ìsopọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ ní ihò bóòtì 4. Ti ilé ní ihò 8. Wọn kò wọ ara wọn rárá. Wẹ́dà àdúgbò ní kò sí wàhálà. Ó gé awo irin tèmi dànù, ó sì jó túùbù stainless náà mọ́ awo irin dúdú kan tó ní ihò 8. Fáàfù kankan kò sí láàárín. Kò pẹ́ kò jìnnà, ojú ibi tó jó pọ̀ ti pọ́n fún ìpẹtà, wàrà tí wọ́n bá sì sè ní òwúrọ̀ ti ń kan kó tó di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n bá wàrà àtijọ́ tó ti dì sínú ẹnu páìpù omi gbígbóná, níbi tí omi ìfọ̀ kò lè dé láé. Iṣẹ́ dúró. Kí a tó ronú àtúnṣe, owó tó kù lọ́wọ́ ti parí sórí sóyà tí a dà nù àti owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́.

Àǹtí wa tó jẹ́ akápò pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ṣé iṣẹ́ yìí kọ́ ni ìwọ ń ṣe ní Amẹ́ríkà ni?"

Mo ní, "Òun ni mà."

Ó ní, "Ta wá ni ká bínú sí?"

Èmi náà ni. N kò rí ẹlòmíràn tí mo lè nawọ́ sí. Wẹ́dà ṣe ohun tó mọ̀. Èmi ni mo béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lórí ohun tó yẹ kí n béèrè márùn-ún.

Irú páìpù méjì ló wà

Ẹni tó bá wọ ilé iṣẹ́ oúnjẹ èyíkéyìí, ì báà jẹ́ ní Illinois tàbí ní Ìkẹjà, yóò rí irú páìpù méjì níbẹ̀. Èkíní ni páìpù ilé ẹ̀rọ. Ó nípọn, ó lágbára, òun ló ń gbé omi, ooru bọ́ílà, epo àti kẹ́míkà ìfọ̀. Awo irin ribiti tó ní ihò bóòtì yíká ni wọ́n ń fi sí ẹnu rẹ̀, òun ni à ń pè ní fílánjì. Wọ́n á mú fílánjì méjì kojú ara wọn, wọ́n á fi gásíkẹ́ẹ̀tì sáàárín, wọ́n á sì fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, nítorí a kò ṣe é fún títú.

Èkejì ni túùbù ìmọ́tótó, èyí tí wàrà, ọtí àti omi èso ń gbà. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, stainless sì ni. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní 3-A ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó gba orúkọ rẹ̀ láti ara ẹgbẹ́ mẹ́ta tó pawọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wàrà, ní kí gbágungbàgun ojú irin tó kan oúnjẹ má ju 32 lọ nínú ìdá mílíọ̀nù íǹṣì kan. Ojú ọmọ ènìyàn kò lè rí irú gbágungbàgun bẹ́ẹ̀; kòkòrò àìfojúrí ló mọ̀ ọ́n, nítorí ibẹ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí. Túùbù yìí kì í lo bóòtì yíká. Ẹnu méjèèjì ní ètè pẹrẹsẹ, gásíkẹ́ẹ̀tì á wà láàárín, kíláǹpù kan á sì gbá wọn mú, tí a fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ti tú u, ẹ ti fọ̀ ọ́, ẹ ti dá a padà. Títú lójoojúmọ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wá ni èyí tó gbé mi ṣubú. Páìpù ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 3, ìta rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3.5. Bó bá jẹ́ Schedule 40, èyí tó wọ́pọ̀ jù, inú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3.068. Ṣùgbọ́n túùbù ìmọ́tótó tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 3, ìta rẹ̀ gan-an ló jẹ́ íǹṣì 3 géérégé. Ara rẹ̀ nípọn tó íǹṣì 0.065, nítorí náà inú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2.87. Orúkọ kan náà, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ipá so wọ́n pọ̀, àtẹ̀gùn kékeré kan á wà nínú lọ́hùn-ún, tó fẹ̀ tó mìlímítà 2 àbọ̀ yí ká. Lójú tiwa, kékeré ni. Lójú wàrà tó fẹ́ jókòó kó sì kan, ààyè ńlá ni. Ìsopọ̀ gidi tí wọ́n rọ láti ilé iṣẹ́ máa ń sún inú rẹ̀ kì díẹ̀díẹ̀ láti ìwọ̀n kan dé èkejì, kí àtẹ̀gùn yẹn má baà sí.

Ìlẹ̀kùn ẹnu ààlà

Kí wá ni iṣẹ́ fáàfù níbẹ̀? Ẹ wò ó bí ààlà ilé méjì. Lápá kan, a ní omi, ooru àti kẹ́míkà. Lápá kejì, a ní ohun tí ọmọ yín máa mu. Bí kò bá sí ìlẹ̀kùn láàárín, ohun tó wà nínú táńkì yóò máa yọ́ padà sínú páìpù ilé ẹ̀rọ nígbàkígbà tí pọ́ǹpù bá dúró, gẹ́gẹ́ bí ti wàrà sóyà tiwa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ kò ní lè tú apá oúnjẹ láti fọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ da gbogbo omi bọ́ílà nù. Fáàfù tó wà lójú ààlà ló ń jẹ́ kí apá kan sinmi nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ẹ gbé e sí ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ rà á lọ. Ẹ gbé e sún mọ́ táńkì bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Gbogbo túùbù tó bá wà láàárín fáàfù tí a tì àti táńkì dà bí kọ̀rọ̀ tí ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kì í dé: oúnjẹ á wọ ibẹ̀, kò ní jáde. Ìlànà ASME BPE, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1997 fún àwọn tó ń ṣe oògùn, ń fẹ́ kí gígùn irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ má ju ìlọ́po 2 ìbú inú rẹ̀ lọ. Àwa tí à ń ṣe zobo tàbí wàrà kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn dára láti fi sọ́kàn.

Irú fáàfù mélòó kan ló wà, oúnjẹ tí ẹ fẹ́ ṣe ló sì máa yàn fún yín. Fáàfù bọ́ọ̀lù ní bọ́ọ̀lù irin nínú tí wọ́n lu ihò sí láàárín. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ihò náà á dojú kọ ọ̀nà, gbogbo nǹkan á sì kọjá láìsí ìdíwọ́. Ó dára fún ohun tó ki bí ògì tàbí ata lílọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé àyè wà láàárín ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù àti ara fáàfù, oúnjẹ sì máa ń rápálá wọ ibẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí i. Nítorí náà, bí ẹ bá máa ra ti bọ́ọ̀lù fún oúnjẹ, ẹ ra èyí tí wọ́n ti fi ìjókòó PTFE dí àyè yẹn pa, kí ẹ sì rí i pé ó ṣeé tú sí wẹ́wẹ́ fún fífọ̀. Fáàfù tí wọ́n fi labalábá sọ lórúkọ ní awo pẹlẹbẹ kan tó ń yí lójú ọ̀nà. Kò wọ́n, kò wúwo, ó rọrùn láti fọ̀, ó sì dára púpọ̀ fún ohun ṣíṣàn bíi wàrà sóyà, zobo àti omi èso. Awo rẹ̀ kì í kúrò lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ má fi í sí ibi tí ògì tó ki ń gbà. Irú kẹta ń lo abala rọ́bà tó ń tẹ̀ sísàlẹ̀ láti dí ọ̀nà. Òun ló mọ́ jù, àwọn oníṣẹ́ oògùn ló sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, owó rẹ̀ á ti ga jù.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe fáàfù tí ẹnu kan rẹ̀ jẹ́ fílánjì tí èkejì sì jẹ́ ti kíláǹpù, lára ẹyọ kan ṣoṣo. Níbí ní Chicago, irú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Gbogbo ibi tí nǹkan méjì ti so pọ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì wà, gbogbo ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì wà ni nǹkan ti lè jò. Bí ìsopọ̀ bá ti dín kù, bẹ́ẹ̀ ni wàhálà dín kù. Ṣùgbọ́n fún ohun tó ń lọ sílé, mo ti yí èrò mi padà. Fáàfù ẹlẹ́nu méjì bẹ́ẹ̀ kì í sí lórí igbá. Bó bá bàjẹ́ ní Ìlẹ́ṣà tàbí Ìjẹ̀bú, ẹ máa tún un pè láti Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ á sì dúró títí yóò fi dé. Ó sàn kí ẹ fi ìsopọ̀ stainless kan sí ara fílánjì ilé, èyí tí kì í bàjẹ́ nítorí kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi kíláǹpù so fáàfù lásán mọ́ ọn. Fáàfù oníkíláǹpù lásán wọ́pọ̀ ju ẹlẹ́nu méjì lọ fíìfíì. Àwọn ẹnjiníà kan á bá mi jiyàn lórí èyí. Àwọn kọ́ ni wọ́n máa dá wa lóhùn lórí fóònù láago méjì òru.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Melrose Park

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí mọ sórí wàrà sóyà àwa aláìní. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún 1985, àjàkálẹ̀ àrùn Salmonella kan bẹ́ sílẹ̀ ní Illinois àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká. Àwọn tó ti wà níbí nígbà náà á rántí. Wọ́n tọ ipa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wàrà tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ Hillfarm Dairy ní Melrose Park, lápá ìwọ̀ oòrùn Chicago, tí wọ́n sì ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Jewel. Àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn gbangba pé wọ́n kó àrùn náà ju 16,000 lọ. Àwọn oníṣirò tó ṣe ìwádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà fojú bù ú pé gbogbo ẹni tó ṣàìsàn lè tó 170,000 sí 200,000, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan kú. Kòkòrò náà sì gbó sí oògùn: àwọn oògùn apakòkòrò kan tí àwọn dókítà máa ń lò kò ràn án.

Wàrà yìí kì í ṣe wàrà tútù o. Wọ́n ti fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Àwọn olùwádìí yẹ ẹ̀rọ tó ń gbé wàrà náà gbóná wò, wọn kò rí àbùkù níbẹ̀. Ibi tí wọ́n wá nawọ́ sí ni ìsopọ̀ páìpù, níbi tí wàrà tútù ti lè yọ́ dé ọ̀nà wàrà tó ti gba iná. Ilé iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹrin ọdún náà, kò sì ṣí mọ́.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ tuntun ni mo máa ń sọ ìtàn yìí. Fáàfù kan ṣoṣo kì í ṣe ògiri. Rọ́bà inú rẹ̀ ń gbó, èérún ń há sí i lẹ́nu, ẹnì kan lè gbàgbé kó má tì í tán. Ìdí nìyẹn tí ìlànà wàrà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fi gbà kí fáàfù kan ṣoṣo dá wàà láàárín wàrà tí a fẹ́ tà àti omi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ páìpù. Yálà kí wọ́n yọ abala páìpù kan kúrò pátápátá kí ojú afẹ́fẹ́ wà láàárín, tàbí kí wọ́n lo fáàfù méjì tí ojú ìṣàn kan ṣí sílẹ̀ láàárín wọn: bí ọ̀kan bá jò, ilẹ̀ ni yóò jò sí, gbogbo ènìyàn á sì rí i.

Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ tà nílé lè ṣe èyí láìná owó púpọ̀. Ẹ ṣe abala túùbù kúkúrú kan tó ní kíláǹpù ní ẹnu méjèèjì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fọ táńkì pẹ̀lú sódà, ẹ gbé abala náà síbi ọ̀nà sódà. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ se wàrà, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹ gbé e sí ọ̀nà omi. Abala kan ṣoṣo ni, kò lè wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ra èkejì o, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ sọ pé yóò mú iṣẹ́ yá. Níbí ní Illinois náà, òfin páìpù omi ìpínlẹ̀ béèrè ohun tó máa dí omi lọ́wọ́ kó má baà yọ́ padà sínú omi ìlú láti inú ẹ̀rọ yín. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ibi ìṣe oúnjẹ ní Hazel Crest tàbí Harvey, kó fi í sínú ìṣirò owó rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó di ẹrù

Ìbéèrè tó yẹ kí n béèrè ní 2014 nìwọ̀nyí. Ihò bóòtì mélòó ló wà lára fílánjì ilé? Láti àárín ihò kan dé àárín ihò tó kọjú sí i, mìlímítà mélòó ni? Fílánjì íǹṣì 3 ti Amẹ́ríkà, Class 150, ní ihò 4, àlàfo rẹ̀ láti ihò dé ihò sì jẹ́ íǹṣì 6, ìyẹn mìlímítà 152.4. Ti Yúróòpù tó bá a dọ́gba, tí wọ́n ń pè ní DN80 PN16, ní ihò 8, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 160. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ipá mú wọn. Ní Nàìjíríà, a máa ń bá méjèèjì pàdé nínú ọgbà kan náà, nítorí ibi tí olúkúlùkù ti ra ẹ̀rọ rẹ̀ yàtọ̀. Túùbù náà ní ìyàtọ̀ tirẹ̀: DN50 ti ìlànà Jámánì jẹ́ mìlímítà 53 ní ìta, íǹṣì 2 ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 50.8.

Ẹ tún béèrè irú irin tí fílánjì ilé jẹ́. Bí ó bá jẹ́ irin dídà, èyí tó máa ń fọ́ bí ìkòkò, ojú rẹ̀ sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Fílánjì irin Class 150 ti Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ojú tó yọ sókè díẹ̀ láàárín. Bí ẹ bá dè wọ́n pọ̀ pinpin, ètí irin dídà náà á tẹ̀, á sì là. Fílánjì olójú pẹrẹsẹ àti gásíkẹ́ẹ̀tì tó bo gbogbo ojú rẹ̀ ni kí ẹ lò níbẹ̀.

Lórí gásíkẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e láti inú rọ́bà táyà. Mo ti rí i níbi púpọ̀. EPDM, rọ́bà dúdú tó wọ́pọ̀ lára túùbù ìmọ́tótó, fara da omi gbígbóná àti sódà dáadáa. Ṣùgbọ́n òróró ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi túùbù yìí gbé epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà, EPDM á wú, á rọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí já sínú epo. Buna-N tàbí PTFE ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè. Ẹ rà á lọ́pọ̀. Kò wọ́n, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ gbó.

Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà fọwọ́ kan stainless pẹ̀lú òkúta ìlọrin tó ti fi lọ irin dúdú. Eruku irin dúdú á lẹ̀ mọ́ ojú stainless, ibẹ̀ ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn á wá máa sọ pé ayédèrú stainless ni wọ́n tà fún wa. Jíjó tó yẹ fún túùbù oúnjẹ ni ti TIG, pẹ̀lú gáàsì argon nínú túùbù náà kí ẹ̀yìn ojú ọgbẹ́ má baà jóná dúdú. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó lè ṣe é nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jó o parí níbí, kó jẹ́ kíláǹpù nìkan ni wọ́n máa dè lọ́hùn-ún. Bíliìṣì náà ń jẹ stainless bí a bá fi í sílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́jú.

Ohun kan kù tó kan ẹ̀mí. Kíláǹpù rọrùn láti tú, ìyẹn náà ló jẹ́ kó léwu. Bóòtì fílánjì á gba sípánà àti àkókò, ènìyàn á lè ronú. Kíláǹpù, ọwọ́ lásán ló ń tú u, kódà nígbà tí omi gbígbóná ṣì ń tì í láti inú. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tú u bẹ́ẹ̀ ní ibi iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Omi ìfọ̀ tó wà nínú rẹ̀ gbóná tó 80°C, ó sì bó apá rẹ̀ láti ọwọ́ dé ìgúnpá. Láti 1989 ni OSHA ti ṣòfin ní Amẹ́ríkà pé ẹni tó bá fẹ́ tú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa agbára tó wà nínú rẹ̀, kó fi àgádágodo tì í, kó sì mú kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Nítorí náà, fáàfù ojú ààlà tí ẹ bá máa rà, ẹ ra èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ní ihò tí àgádágodo lè kọjá. Kí ẹ sì mọ̀ pé agbára gbogbo ọ̀nà kò ju ti èyí tó rọ jù nínú rẹ̀ lọ. Fílánjì Class 150 lè fara da ohun tí kíláǹpù tàbí rọ́bà fáàfù kò lè fara dà. Ìwé tí olùtajà fún yín ni kí ẹ wò, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tó kéré jù níbẹ̀ ṣe òdiwọ̀n.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kò fẹ́ràn yunifásítì, iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn ọmọ Pipe Fitters Local 597 ń ṣe. Ibi ìkọ́ṣẹ́ wọn wà ní Mokena, kò jìnnà sí wa rárá. Ọdún 5 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, owó sì ń wọlé fún ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé dókítà ni gbogbo wa fẹ́ bí.

Ní 2022, mẹ́rin nínú ìdílé méje wa tún dá owó jọ. Táńkì àtijọ́ náà kò ní àbùkù kankan, ó kàn ń jókòó sábẹ́ òjò ni. Kí n tó ra ohunkóhun, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò fílánjì náà pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lójú rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ihò 8. Mìlímítà 160. Mo gbé awo DN80 PN16 tó jẹ́ stainless lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan níbí, ó fi TIG jó ètè kíláǹpù íǹṣì 3 mọ́ ọn, inú rẹ̀ sì ń dán bí ojú dígí. Mo fi fáàfù labalábá kan kún un, kíláǹpù 4, gásíkẹ́ẹ̀tì EPDM 20 àti àgádágodo kan. Kò gba kọ̀ńtẹ́nà. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ló gbé e sínú àpótí rẹ̀, láàárín aṣọ òkè àti bàtà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dè é tán, àǹtí akápò tún pè mí. Kò béèrè bóyá wàrà dùn. Ó ní, "Bóòtì mélòó lo ní ó wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mẹ́jọ ni mà. M16."

Ó ní kí n dúró, òun ń wá bírò.